Bí ẹ ṣe lè sọ eyín di funfun nílé láì ba á jẹ́

Púpọ̀ nínú ohun tí àwọn èèyàn ń fi han ara wọn pé ó ń sọ eyín di funfun ni kò sọ ọ́ di funfun rárá. Òmíràn ń ha eyín, òmíràn ń fi ásíìdì jẹ ẹ́, òmíràn ò sì ṣe é lóore, kò ṣe é níbi. Ọ̀nà tó ń ṣiṣẹ́ wà o, ó sì ṣeé ṣe nílé. Àmọ́ ètò wà nínú rẹ̀, ohun tó sì ṣe kókó jù lọ nínú ètò náà ni àyẹ̀wò tí ẹ máa ṣe kí ẹ tó fi ohunkóhun kan eyín. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹni tó ti pinnu láti gbìyànjú ẹ̀ fúnra rẹ̀, bóyá tó tiẹ̀ ti ra nǹkan sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó ṣí ìgò yẹn.

Ẹ kọ́kọ́ mọ bí eyín ṣe rí nínú

Eyín ní èèpo líle kan lóde, tí àwọn dókítà ń pè ní enamel. Kò sí ohun tó le tó o nínú gbogbo ara èèyàn. Egungun gan-an kò tó o. Abẹ́ èèpo yìí ni dentin wà. Òun ló pọ̀ jù nínú eyín, àwọ̀ ìyeyè ni àwọ̀ rẹ̀. Láàárín gbùngbùn ni mùdùnmúdùn eyín wà, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà tí iṣan tó ń jẹ́ ká mọ ìrora sì wà.

Èèpo eyín kò dí ojú pa pátápátá. Ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá díẹ̀, nítorí náà àwọ̀ dentin tó wà lábẹ́ rẹ̀ máa ń hàn sóde. Ìdí nìyẹn tí eyín tó dá ṣáṣá, tí kò ní àrùn kankan, fi lè pọ́n díẹ̀. Kì í ṣe gbogbo eyín ló yẹ kó funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú, kì í sì í ṣe ìdọ̀tí ni gbogbo eyín tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Ohun kejì ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú ṣinṣin. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ṣe èèpo eyín máa ń kú tán nígbà tí eyín bá fi máa yọ jáde sẹ́nu. Egungun tó ṣẹ́ lè so padà, awọ ara tó bó lè jinná, àmọ́ èèpo eyín tó bá ti lọ, ara ò ní í ṣe òmíràn mọ́. Itọ́ àti fluoride, èròjà tó ń mú eyín le nínú ọṣẹ ìfọyín, lè dá èròjà padà sínú èèpo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀. Wọn ò lè dá èyí tó ti ha kúrò padà. Nítorí náà, ẹni tó ń ha eyín kó lè funfun, ńṣe ló ń tẹ́ èèpo rẹ̀ lẹ́rẹ́ díẹ̀díẹ̀, bí èèpo bá sì ṣe ń tẹ́ẹ́rẹ́ sí i ni dentin aláwọ̀ ìyeyè á máa hàn sí i. Ohun tó ń sá fún gan-an ló ń wá lọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ wádìí ohun tó yí àwọ̀ eyín yín padà

Ẹ dúró síwájú dígí lójúmọmọ, níbi tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn ti ń wọlé, kì í ṣe lábẹ́ iná mànàmáná. Ẹ fi aṣọ tó mọ́ nu eyín iwájú gbẹ, kí ẹ wò ó dáadáa. Ṣé gbogbo rẹ̀ ló pọ́n bákan náà, àbí ẹyọ kan péré ló dúdú? Ṣé ìdí eyín, nítòsí èrìgì, ni àbààwọ́n náà kó jọ sí, àbí ó tàn kálẹ̀? Ṣé àmì funfun kéékèèké tàbí ilà aláwọ̀ eérú wà lára rẹ̀?

Àbààwọ́n tó wà lóde eyín ló wọ́pọ̀ jù. Kọfí, tíì, wáìnì pupa àti sìgá ló sábà máa ń fà á. Omi ìfọnu tó ní chlorhexidine, kẹ́míkà tó ń pa kòkòrò ẹnu, náà máa ń ṣe é tí èèyàn bá lò ó pẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni oògùn ẹ̀jẹ̀ olómi tó ní irin nínú. Nígbà míì ó lè jẹ́ ìdọ̀tí tó ti gan mọ́ ìdí eyín tí búrọ́ọ̀ṣì ò lè ká kúrò mọ́. Irú àbààwọ́n yìí kò nílò kẹ́míkà tó ń sọ eyín di funfun. Fífọ̀ ló nílò, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe sì fọ̀ ọ́.

Tèyí tó wà nínú eyín yàtọ̀. Bí a bá ṣe ń dàgbà ni èèpo ń tẹ́ẹ́rẹ́ tí dentin sì ń ṣókùnkùn sí i. Ọmọ tó bá lo tetracycline, oògùn apakòkòrò kan, kó tó pé nǹkan bí ọdún 8, tàbí tí ìyá rẹ̀ lò ó nígbà tó wà nínú oyún, eyín rẹ̀ lè yọ pẹ̀lú ilà eérú tàbí ilà pupa rúsúrúsú. Ọmọ tó bá gbé fluoride tó pọ̀ jù mì nígbà tí eyín rẹ̀ ń dàgbà lábẹ́ èrìgì lè ní àmì funfun tàbí àmì aláwọ̀ igi lára eyín. Ẹ má dá tọ́jú àbààwọ́n tetracycline tàbí àwọn àmì wọ̀nyí nílé. Dókítà eyín lè tún wọn ṣe dé ìwọ̀n kan, ó kàn máa ń gba oṣù mélòó kan ni, nígbà míì ó sì máa ń gba ọ̀nà mìíràn yàtọ̀ sí jẹ́ẹ̀lì tó ń sọ eyín di funfun.

Bó bá jẹ́ ẹyọ eyín kan ṣoṣo ló dúdú, ẹ dúró síbẹ̀. Eyín tí èèyàn fi gbá nǹkan nígbà kan, kódà lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, lè ti kú nínú láì ro èèyàn. Kò sí ohun tí ẹ máa fi pa á lóde tó máa wò ó sàn, bí ẹ bá sì ń fi àkókò ṣòfò lé e lórí, kòkòrò àìsàn lè máa gbèrú ní gbòǹgbò rẹ̀. Dókítà eyín ló máa yà á ní fọ́tò X-ray.

Ẹ tún ka iye eyín tí wọ́n ti dí, èyí tí wọ́n ti dé ní ìbòrí, tàbí èyí tí wọ́n fi rọ́pò. Ohun àtọwọ́dá wọ̀nyẹn kì í yí àwọ̀ padà. Tí ó bá jẹ́ iwájú ẹnu ni wọ́n wà, eyín yòókù á funfun, àwọn á sì dúró síbi tí wọ́n wà, gbogbo ẹni tó bá rí ẹ̀rín yín ló máa rí i.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ jẹ́ kí dókítà eyín yẹ ẹnu wò

Mo mọ̀ pé ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa fẹ́ fò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fò ó. Ihò kékeré tí kò tíì máa ro yín, ibi tí eyín ti sán tín-ín-rín, èrìgì tó ti sún sókè tó fi gbòǹgbò eyín hàn: gbogbo rẹ̀ ni ọ̀nà tí kẹ́míkà máa gbà wọlé tààrà sí mùdùnmúdùn eyín. Ohun tó máa jẹ́ eyín kíkan fún ọjọ́ méjì lára ẹlòmíì lè di ìrora tí kò jẹ́ kí èèyàn sùn.

Ẹ ní kí wọ́n fọ eyín náà mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀pọ̀ ló máa rí i lẹ́yìn fífọ̀ yìí pé ohun tí àwọn ń wá ti dé, pé ìdọ̀tí ló wà níbẹ̀ látìgbà yìí. Kódà bí ẹ bá ṣì fẹ́ kó funfun sí i, kò sídìí láti fi jẹ́ẹ̀lì lé orí ìdọ̀tí.

Àwọn kan wà tí kò yẹ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rárá báyìí: ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, aboyún, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú, ẹni tí èrìgì rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ tàbí tó wú, ẹni tó ní ihò eyín tí wọn ò tíì dí, àti ẹni tí peroxide, kẹ́míkà tó ń sọ eyín di funfun, máa ń bá ara rẹ̀ jà. Fún púpọ̀ nínú wọn, "ẹ ní sùúrù ná" ni, kì í ṣe "kò ṣeé ṣe láéláé".

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ kó àwọn nǹkan wọ̀nyí kúrò nílẹ̀

Ọsàn wẹ́wẹ́, lẹ́mọ́ọ̀nù àti ọtí kíkan ni mo máa fi ṣáájú, nítorí àwọn ni wọ́n máa ń tan èèyàn jẹ jù. Èèpo eyín máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ nígbà tí ohun tó wà lẹ́nu bá ti kan débi pé pH rẹ̀, òǹkà tó ń fi bí nǹkan ṣe kan tó hàn, wálẹ̀ ju nǹkan bí 5.5 lọ. Omi lẹ́mọ́ọ̀nù wà láàárín 2 sí 3. Òǹkà pH yìí kì í ṣe òǹkà lásán: ìṣísẹ̀ kan sísàlẹ̀ túmọ̀ sí pé ásíìdì náà di ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹni tó bá fi lẹ́mọ́ọ̀nù pa eyín lè rí i pé ó funfun lóòótọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ohun tó rí ni ojú èèpo tí ásíìdì ti jẹ, tó ti di gbágungbàgun, tí kò dán mọ́. Ojú tó rí báyẹn ni kọfí àti tíì máa ń tètè rọ̀ mọ́, nítorí náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ á tún ṣú, ẹni náà á sì tún padà sídìí lẹ́mọ́ọ̀nù. Ibi tí èyí tó burú jù wà ni kéèyàn fi búrọ́ọ̀ṣì fọ eyín nígbà tí ásíìdì ti mú kó rọ̀. Ńṣe ló ń gbá èèpo náà dànù.

Àwọn kan máa ń po lẹ́mọ́ọ̀nù mọ́ baking soda. Ìhó tó ń hó yẹn ni àwọn méjèèjì tó ń pa agbára ara wọn. Bí lẹ́mọ́ọ̀nù bá pọ̀ jù, ásíìdì ló kù. Bí baking soda bá pọ̀ jù, baking soda lásán ló kù, omi sì ti tó fún ẹni tó bá fẹ́ lo ìyẹn.

Baking soda fúnra rẹ̀ kò burú tó bí wọ́n ṣe ń sọ. Kì í ha eyín púpọ̀, kì í ṣe ásíìdì, ó sì lè ká àbààwọ́n òde kúrò. Ohun tí kò lè ṣe ni kó yí àwọ̀ inú eyín padà, kò sì ní fluoride. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó ra ọṣẹ ìfọyín tí wọ́n ti fi í sí pẹ̀lú fluoride, dípò kó máa fi ìka pa á gbígbẹ.

Èédú ńkọ́? Kò sí ẹ̀rí tó dájú pé ó ń sọ eyín di funfun tàbí pé kò léwu. Lọ́dún 2017, ìwé ìròyìn Ẹgbẹ́ Àwọn Dókítà Eyín ní Amẹ́ríkà gbé àyẹ̀wò kan jáde lórí àwọn ìwádìí tó ti wà nílẹ̀ nípa èédú, ohun tí wọ́n sì rí náà nìyẹn. Hóró èédú lè rí wínníwínní lójú kó sì jẹ́ ohun tó ń gé èèpo eyín. Ó máa ń wọ inú èrìgì, ó máa ń há sí etí ibi tí wọ́n ti dí eyín, á sì wá fi ilà dúdú sílẹ̀ tí kò ní kúrò bọ̀rọ̀. Púpọ̀ nínú ọṣẹ èédú tí wọ́n ń tà kò sì ní fluoride. Bí ẹ bá rí i tí eyín ń dán lẹ́yìn tí ẹ fi èédú fọ̀ ọ́, ẹ rántí pé ìdọ̀tí òde ló ká kúrò, ọṣẹ ìfọyín tí kò le á sì ká irú rẹ̀ kúrò láì gba nǹkan lọ́wọ́ yín.

Èso strawberry tí wọ́n gún pọ̀ mọ́ baking soda? Àwọn olùwádìí nípa eyín ní Yunifásítì Iowa dán an wò lọ́dún 2014, wọn ò rí i kó sọ eyín di funfun. Òróró àgbọn tí wọ́n ń yí kiri lẹ́nu kò ní ẹ̀rí pé ó ń yí àwọ̀ eyín padà, bẹ́ẹ̀ náà ni èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Atalẹ̀ pupa tiẹ̀ ń pa nǹkan láró.

Àwọn mìíràn wà tí mo máa sọ ní ṣókí, nítorí kò yẹ kí wọ́n dé ẹnu rárá. Bílíìṣì tí wọ́n fi ń fọ aṣọ máa ń jó ẹnu àti ọ̀nà ọ̀fun. Kànìnkànìn funfun tí wọ́n fi ń nu àbààwọ́n ara ògiri, sáńpépà ni iṣẹ́ rẹ̀ jọ. Fáìlì èékánná kò ní iṣẹ́ kankan lára eyín. Hydrogen peroxide tó lágbára ìdá 35 nínú 100, tí wọ́n máa ń kọ "fún oúnjẹ" sí lára, lè pa èèyàn tó bá gbé e mì, kódà díẹ̀. Tó bá wà nílé yín, ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé ò ní í dé, kí ẹ má sì fi sínú ìgò omi láéláé.

Ìgò hydrogen peroxide ìdá 3 nínú 100 tó wà nílé ìtajà oògùn, èyí tí wọ́n fi ń fọ ọgbẹ́, kò lágbára tó èyí. Síbẹ̀, olómi ni. Kò ní í dúró sójú kan lára eyín, á sáré lọ sórí èrìgì àti ahọ́n, á sì máa bó wọn bí èèyàn bá ń lò ó lójoojúmọ́. Bí peroxide lẹ ṣe fẹ́, ẹ jẹ́ kó jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún eyín.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ yan ohun tó ń ṣiṣẹ́, kí ẹ sì mọ agbára rẹ̀

Ohun tó ń yí àwọ̀ inú eyín padà ni peroxide. Ó máa ń gba inú èèpo wọlé sínú dentin, á sì fọ́ àwọn èròjà tó ń fún eyín láwọ̀ sí wẹ́wẹ́ débi tí wọn ò fi ní í ṣókùnkùn mọ́. Kì í ha, kì í gé. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀: hydrogen peroxide fúnra rẹ̀, àti carbamide peroxide, èyí tó máa ń tú hydrogen peroxide sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Òǹkà ara páálí lè da ojú rú. Carbamide peroxide ìdá 10 nínú 100 kàn bá hydrogen peroxide bí ìdá 3.5 dọ́gba ni. Ẹni tó bá rí 16 lára páálí kan àti 6 lára òmíràn lè rò pé ti àkọ́kọ́ lágbára ju ìkejì lọ ní ìlọ́po méjì àti ààbọ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Nítorí náà, ẹ wo orúkọ kẹ́míkà kí ẹ tó wo òǹkà.

Carbamide peroxide ìdá 10 ni mo fọkàn tán jù fún ilé. Lọ́dún 1989, àwọn dókítà eyín méjì ní Amẹ́ríkà, Haywood àti Heymann, kọ̀wé nípa bí wọ́n ṣe ń fi í sínú ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ṣe ní ìwọ̀n ẹnu ẹni, tí ẹni náà á sì fi sùn lóru. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò léraléra. Kì í yá bí àwọn jẹ́ẹ̀lì alágbára, àmọ́ ibi tó máa gbé eyín dé kò kéré sí tiwọn, eyín kì í sì í kan èèyàn púpọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Iṣẹ́ ike náà ṣe pàtàkì bí iṣẹ́ jẹ́ẹ̀lì: èyí tí dókítà ṣe ní ìwọ̀n ẹnu yín á gbá jẹ́ẹ̀lì mọ́ ara eyín. Èyí tí ẹ rì sínú omi gbígbóná tí ẹ sì gé jẹ nílé sábà máa ń fi àyè sílẹ̀ létí, jẹ́ẹ̀lì á máa ṣàn jáde sórí èrìgì. Àwọn ìlẹ̀mọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tò mọ́ eyín náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ wọn kì í dé gbogbo kọ̀rọ̀ eyín tó wọ́.

Òfin kò dọ́gba káàkiri ayé. Láti oṣù October ọdún 2012, ní Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ohun tí peroxide inú rẹ̀ bá ju ìdá 0.1 nínú 100 lọ títí dé ìdá 6 kò ṣeé tà fún ẹlòmíì àyàfi dókítà eyín, òun náà ló sì gbọ́dọ̀ ṣe ti àkọ́kọ́ tàbí kó wà níbẹ̀ kó tó fún èèyàn láti máa lò nílé. Èyí tó bá ju ìdá 6 lọ, wọn ò gbà á láyè níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹnikẹ́ni lè ra ìlẹ̀mọ́ eyín láì gba ìwé dókítà. Ìdí tí mo fi sọ èyí ni pé ohun tí ẹ bá pàṣẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè wá láti ibi tí òfin rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ibi tí ẹ ń gbé. Bí páálí náà kò bá sọ kẹ́míkà tó wà nínú rẹ̀, bó ṣe lágbára tó, ẹni tó ṣe é àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́, ẹ má fi sẹ́nu, bó ti wù kí fọ́tò ara rẹ̀ dára tó.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú èyí tí wọ́n bá kọ "kò sí peroxide nínú rẹ̀" sí lára. Ó máa ń dùn létí bíi pé kò léwu, àmọ́ chlorine dioxide ló wà nínú àwọn kan, ásíìdì sì ni wọ́n fi ń jí i. Kẹ́míkà omi ìlúwẹ̀ẹ́ ni, ó sì máa ń jẹ èèpo eyín débi tí eyín ò fi ní í dán mọ́. Ní ti iná búlúù tí wọ́n máa ń fi kún un nínú àpótí, jẹ́ẹ̀lì ló ń ṣiṣẹ́, iná náà kò fi bẹ́ẹ̀ fi nǹkan kan kún un.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Bí ẹ ṣe máa lò ó

Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọṣẹ ìfọyín tí wọ́n ṣe fún eyín kíkan, èyí tó ní potassium nitrate àti fluoride. Ó máa ń mú kí iṣan inú eyín rọlẹ̀ ṣáájú. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ eyín lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ìṣẹ́jú méjì lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì fi orí ìka mú búrọ́ọ̀ṣì, kí ẹ má fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a mú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ ya fọ́tò eyín yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, lójúmọmọ, níbì kan náà tí ẹ máa ti máa yà á lẹ́yìn náà. Ojú máa ń tètè mọ́ àwọ̀ tuntun lára, ẹni tí kò bá ní fọ́tò á rò pé kò tíì ṣiṣẹ́, á sì máa lò ó kọjá ibi tó yẹ.

Lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ máa bẹ̀rẹ̀:

Ẹ fọ eyín, kí ẹ sì fi okùn eyín yọ ohun tó há sáàárín rẹ̀. Bí èrìgì bá ṣẹ̀jẹ̀, ẹ sún ìbẹ̀rẹ̀ náà sí ọjọ́ mìíràn.

Ẹ fi ẹ̀kán jẹ́ẹ̀lì kékeré kan sí àyè eyín kọ̀ọ̀kan nínú ike, ní ìhà iwájú, kì í ṣe kí ẹ fi kún un. Jẹ́ẹ̀lì tó pọ̀ kì í mú eyín funfun sí i. Èrìgì ló máa lọ bá.

Ẹ fi ike náà sẹ́nu, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé jẹ́jẹ́, kí ẹ sì fi aṣọ tó mọ́ tàbí búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ nu gbogbo jẹ́ẹ̀lì tó bá yọ sórí èrìgì. Èyí ni ohun tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé jù, òun ló sì ń fa èrìgì tó bó funfun lọ́jọ́ kejì.

Àkókò tó wà lára páálí tàbí èyí tí dókítà sọ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Carbamide peroxide ìdá 10 lè wà lẹ́nu láti wákàtí méjì títí di àárọ̀. Hydrogen peroxide kì í gùn tó bẹ́ẹ̀, ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ń ka tirẹ̀, nítorí gbogbo agbára rẹ̀ ló máa ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá fi í sùn, ẹ ń ṣe ohun tí wọn ò ṣe é fún.

Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ yọ ike, ẹ fi omi ṣan ẹnu, ẹ tu ú dànù, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ nu ìyókù. Omi tútù ni kí ẹ fi fọ ike, torí omi gbígbóná á ká a kò.

Fún wákàtí mélòó kan lẹ́yìn náà, ẹ jìnnà sí ohun kíkan, ohun tútù nini, kọfí, tíì, wáìnì pupa àti sìgá. Ti sìgá wúwo jù lọ, kì í sì í ṣe nítorí àwọ̀ eyín nìkan.

Ẹ kò gbọ́dọ̀ rò pé ọ̀sẹ̀ kan ló máa parí ẹ̀. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà ló sábà máa ń gbà pẹ̀lú carbamide peroxide ìdá 10. Àbààwọ́n sìgá máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí ohun tí ẹ rí lójú dígí ní kété tí ẹ yọ ike mú inú yín dùn jù. Omi ara eyín ti gbẹ díẹ̀ nígbà yẹn, ó máa ń jẹ́ kó funfun ju bó ṣe rí gan-an lọ. Kí ẹ tó mọ ibi tó dé, ẹ wò ó lọ́jọ́ kejì.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Bó bá ń ro yín

Eyín kíkan wọ́pọ̀, pàápàá tí atẹ́gùn tútù tàbí omi tútù bá kàn án. Peroxide máa ń dé mùdùnmúdùn eyín láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, iṣan inú rẹ̀ ló sì ń fèsì. Ó sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ fo alẹ́ kan tàbí méjì, ẹ dín wákàtí kù, ẹ sì lè fi ọṣẹ eyín kíkan yẹn sínú ike dípò jẹ́ẹ̀lì fún ìṣẹ́jú 10 sí 30. Ẹ má fi agbára jẹ́ẹ̀lì kún un pé kó lè tètè parí.

Èrìgì tó bó funfun tó sì ń ta ti pàdé jẹ́ẹ̀lì. Ẹ fi omi ṣan án dáadáa, ẹ dáwọ́ dúró títí á fi jinná, kí ẹ sì yẹ etí ike wò bóyá ó gùn jù. Bó bá ń wáyé léraléra, dókítà ló máa gé e.

Àwọn ìrora kan kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ẹ dáwọ́ dúró pátápátá kí ẹ sì lọ rí dókítà eyín bí eyín kan ṣoṣo bá ń ro yín ju àwọn yòókù lọ, bí ìrora bá ń wá fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ mu ohun tútù, bó bá ń jí yín lóru, bí ètè tàbí ahọ́n bá wú, tàbí bí eyín kíkan bá kọjá ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí ẹ ti dáwọ́ dúró. Bí ọmọdé bá gbé jẹ́ẹ̀lì tó pọ̀ mì, tàbí ẹnikẹ́ni bá gbé peroxide alágbára mì, ẹ má fà á kó bì. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá pẹ̀lú ìgò náà lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ keje: Lẹ́yìn tó bá ti funfun

Ẹ dáwọ́ dúró nígbà tí fọ́tò ọ̀sẹ̀ yìí àti ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá kò bá yàtọ̀ mọ́. Eyín kọ̀ọ̀kan ní ibi tí funfun rẹ̀ mọ, tó bá ti dé ibẹ̀, ìrora nìkan ni jẹ́ẹ̀lì á máa fi kún un. Tí etí eyín yín bá ti ń hàn bí ẹni pé dígí ni, tàbí ó ń tàn búlúù, èèpo ti ń tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó kí ẹ tó tún fi ohunkóhun sí i.

Àwọ̀ náà kì í dúró títí ayé. Á máa padà díẹ̀díẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan sí ọdún mélòó kan, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ń jẹ tí ẹ ń mu. Alẹ́ mélòó kan pẹ̀lú ike yín àtijọ́ sábà máa ń tó láti mú un bọ̀ sípò, nítorí náà ẹ fi ike náà pa mọ́ síbi tó mọ́ tó sì gbẹ. Bí ẹ bá mu ohun kíkan tàbí kọfí, ẹ fi omi ṣan ẹnu lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì dúró fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan kí ẹ tó fọ eyín.

Bí wọ́n bá ti dí eyín iwájú yín rí, tí ibẹ̀ wá ṣú ju àwọn yòókù lọ báyìí, dókítà lè pààrọ̀ ohun tí wọ́n fi dí i kó bá àwọ̀ tuntun mu. Ẹ jẹ́ kó tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí ẹ lo jẹ́ẹ̀lì kẹ́yìn. Ọ́síjìn tí peroxide fi sínú eyín kì í jẹ́ kí ohun tuntun lẹ̀ dáadáa, ó sì máa ń tó bí ọ̀sẹ̀ méjì kó tó jáde tán tí àwọ̀ eyín á sì dúró sójú kan.